Bundesliga, Sáà 1997–98

Sáà 1997–98 ni ìkarùndínlógójì Bundesliga, líìgì bọ́ọ̀lù àgbà ilẹ̀ Jámánì. 1. FC Kaiserslautern, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti ìpele kejì, ló gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú pọ́íńtì 68. Bayern München ṣe ipò kejì pẹ̀lú 66. Ẹgbẹ́ mìíràn kankan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè kò tíì gba ife-ẹ̀yẹ Bundesliga rí. Otto Rehhagel, tí Bayern lé lọ́dún 1996, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Kaiserslautern. Àmì-ayò kan sí òdo ni wọ́n fi na Bayern ní München lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́. Ulf Kirsten ti Bayer Leverkusen ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù, ìgbà 22. Karlsruher SC, Arminia Bielefeld àti 1. FC Köln já sí ìpele kejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn fún Köln.