Ìjàpá Tí Kò Gbọdọ̀ Kú

Bí ẹ bá ti ti mọ́tò rí ní ìdájí, tòun ti aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, ẹ ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ní Ọ̀yọ́ ní 1988, àwa ọmọ mẹ́rin ni bàtírì mọ́tò Bàbá mi. Bàbá á jókòó sídìí ọkọ̀, á fi í sí jíà kejì, á tẹ kíláàṣì mọ́lẹ̀, á ní, "Ó yá, ẹ tì í!" A ó tì í kọjá ilé kẹta, ìkẹrin, á wá hó lójijì, á tu èéfín lé wa lójú. Bàbá kì í dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró pẹ́nrẹ́n, a ó tún un tì. Ẹsẹ̀ ni àwa tí a tì í fi ń rìn lọ sí ilé ìwé.

Volkswagen ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Bí tíṣà ṣe di ẹni tó ní mọ́tò, ìtàn ọdún 1975 ni. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó tí gbogbo ayé ń pè ní Údójì, ó sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù March ọdún yẹn kan náà, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kàdúná, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Àwọn ọ̀gá àgbà ra Pijó 504. Tíṣà àti akọ̀wé yá owó ra Ìjàpá, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Bàbá mi ra tiẹ̀ ní tuntun ní 1977. Ìyá mi sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé bí ó bá di ọdún márùn-ún, àwọn yóò tà á, àwọn yóò sì ra òmíràn.

Òmíràn wo? Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ní April 1982, ìjọba Shagari fi òfin dín ọjà òkèèrè kù, bẹ́ẹ̀ sì ni òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ àti Kàdúná ti ń wá. SAP wá dé ní 1986. Ní ìparí September ọdún náà, dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ fò kọjá náírà 4. Ní 1992 ó ti kọjá 17. Owó oṣù tíṣà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bí Ìjàpá ọlọ́dún mẹ́wàá bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ kú.

Orí bá wọn ṣe é, mọ́tò náà jẹ́ irú èyí tí ọwọ́ ènìyàn ká. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ kankan. Bóòtù ńlá mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ìkòkò àmàlà kúrò lórí iná. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bàtírì ń gbé. Bí ẹni tó sanra bá jókòó síbẹ̀, irin ìjókòó lè kan orí bàtírì, èéfín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Rọ́bà tí Bàbá gé lára túùbù táyà ló fi bo orí rẹ̀, síbẹ̀ náà, àwa ọmọ nìkan ló ń jẹ́ kí a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí bẹ́líìtì bá já, fáànù kò ní yí mọ́. Ẹni tó bá ní òun yóò ṣe orí kunkun dé ilé, ẹ́ńjìnnì ni yóò fi jó.

Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti ń rí i jù. A ní ẹbí níbẹ̀, bí òkú tàbí ìgbéyàwó bá sì ti dé, àfi kí a lọ. Bí oòrùn bá mú, epo á di ooru nínú páìpù kí ó tó dé ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á sì dákú sí ẹ̀bá igbó. Bàbá kì í bínú. Á bọ́ sílẹ̀, á rẹ àkísà sínú omi, á fi wé pọ́ǹpù epo, a ó jókòó sábẹ́ igi, Ìyá á há ẹ̀kọ àti àkàrà fún wa. Àwọn oní-Pijó á máa kọjá lọ fìn-ìn. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀, a ó bá òmíràn nínú wọn tó ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, tí rédíétọ̀ rẹ̀ ń hó, tí awakọ̀ ń wá omi kiri. Ìyá mi á ní, "Ẹ kú ìdúró o!" N kò mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí èébú.

Mẹkáníìkì wá di ènìyàn pàtàkì nílùú. Bàbá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà ló ń pe mẹkáníìkì tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ní "Ọ̀gá." Ọ̀gá á ní, "Tíṣà, ẹ má ṣèyọnu, ẹ padà wá lálẹ́ òní." Alẹ́ òní yẹn lè di ọ̀sẹ̀ kan. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ra páàtì, ní Gẹ́ètì, níbi tí ayédèrú àti ojúlówó ti jọ wà nínú páálí kan náà. Bàbá ra kọ̀ńtáàtì kan nígbà kan, kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ̀gá yọ ọ́ dànù, ó tún ti àtijọ́ mú, ó fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná ha á, ó dá a padà. Ọdún kan gbáko ló tún lò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Kúbà, nígbà tí Amẹ́ríkà dá òwò dúró pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, mọ́tò Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe títí wọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún tiwa yìí. Ìjàpá pàápàá, Jámánì tó ni ín kò ṣe é mọ́ láti 1978. Mẹ́síkò ló ṣe èyí tó kẹ́yìn ní July 2003, iye rẹ̀ ní gbogbo ayé sì lé ní mílíọ̀nù 21.

Èmi náà ti wá ní mọ́tò lónìí, tókúnbọ̀ tó gba Kútọnù wọlé. Nígbà tó kọ́kọ́ dákú, mẹkáníìkì kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló kì bọ abẹ́ sítíárìn, ó kà á, ó ní sẹ́ńsọ̀ kan ló kú, ó sì dárúkọ owó. Mo ní kó bá mi fi nǹkan ha á. Ó rẹ́rìn-ín.

Bàbá ta Ìjàpá rẹ̀ ní 1996, ọdún tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá àtijọ́ ló rà á, tí òun náà ti di ọ̀gá. Bátìrì kò sí nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa ọmọ, tí a ti dàgbà, la tì í jáde fún un.