Ìrìn-àjò Ọjọ́ Mẹ́ta sí New York

 

Ìsinmi Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tó kọjá yìí fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko: Sátidé, Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ n kò dé New York rí. Àwọn àgbà ní, ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì ṣe wọ ọkọ̀ o.

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló máa ń wá sí yín lọ́kàn tí ẹ bá gbọ́ New York? Ọmọkùnrin mi ní Empire State Building, ilé alájà 102 tí wọ́n kọ́ parí ní 1931. Ìyàwó mi ní Ère Òmìnira, tí àwọn ará Faransé fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, tí wọ́n ṣí ní 1886. Èmi oníṣirò owó, Wall Street ni mo fẹ́ rí. A rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò wá débẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Wall Street? Òpópónà Ògiri ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Òyìnbó Dutch ló tẹ ìlú náà dó sórí ilẹ̀ àwọn Lenape, New Amsterdam ni wọ́n sì ń pè é. Ní 1653, wọ́n mọ odi síbẹ̀ nítorí ọ̀tá, bí àwọn baba wa náà ṣe ń mọ odi yí ìlú wọn ká. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wà lára àwọn tó mọ ọ́n. Ní 1664, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà, wọ́n sọ ọ́ ní New York. Ní 1711, wọ́n dá ọjà kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òpópónà yẹn, létí omi. Kì í ṣe ọjà iṣu, kì í ṣe ọjà aṣọ. Ọjà ènìyàn ni. Ó wà níbẹ̀ títí di 1762. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, kò sí olùkọ́ kan tó sọ ìyẹn fún mi.

Láti ibẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí African Burial Ground, itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní 1697, ṣọ́ọ̀ṣì Trinity ní kí wọ́n má sin òkú ènìyàn dúdú sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ̀yìn odi ni àwọn ènìyàn wa wá ń gbé òkú wọn lọ. Òfin tún dé: ní 1722, wọn kò gbọdọ̀ sìnkú lálẹ́ mọ́, ní 1731, àwọn tó ń tẹ̀lé òkú kò gbọdọ̀ ju 12 lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò. Nílé wa, ènìyàn 12 kò tó àwọn tó ń dáná níbi òkú àgbà!

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé lé ibẹ̀, ìlú sì gbàgbé. Ní 1991, tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì, ni àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ bá kan egungun ènìyàn. Òkú 419 ni wọ́n hú. Àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kí àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ tó 15,000. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà fárígá, wọ́n ní iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ dúró. Yunifásítì Howard yẹ àwọn egungun náà wò, wọ́n sì dá wọn padà sínú ilẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, nínú pósí tí wọ́n fín ní Ghana. Ní 2006, ibẹ̀ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè.

Obìnrin kan wà lára wọn tí wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 àti owó ẹyọ ní ìdí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí! Ọmọbìnrin mi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ìyá mi ti fún un ní irú rẹ̀ nígbà tí a lọ sílé. Ẹ̀yà tó ń lo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ní Áfíríkà pọ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé Yorùbá ni obìnrin náà.

Ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Nọ́ńbà 340 ni wọ́n fún un. Nọ́ńbà ni iṣẹ́ mi láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn bà mí nínú jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó tún bi mí bóyá òun náà ní oríkì. Mo ní o ní in, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ìlà mẹ́ta péré, ó tán lẹ́nu mi. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Abẹ́òkúta, mo pè é. Ó ki ọmọ náà títí oúnjẹ àárọ̀ wa fi tutù. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti gbàgbé ni?" N kò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin òbí, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Iṣẹ́ àṣetiléwá tọ̀sẹ̀ yìí, tiwa àti ti àwọn ọmọ ni: ẹ pe àgbà kan nílé, kí ẹ gba oríkì ìdílé yín sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi, mo ti dé ìlà kọkànlá.

Ọ̀rọ̀ tí a kọ́ lónìí:
Odi: ògiri tí a mọ yí ìlú ká.
Itẹ́ òkú: ibi tí a ń sin òkú sí.
Owó ẹyọ: owó tí àwọn baba wa ń ná láyé àtijọ́.
Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí: ìlẹ̀kẹ̀ tí obìnrin ń so mọ́ ìdí.

Ó dìgbà kan ná o. Ire o.