Òjò Inú Ìwé àti Irè Oko: Láti Rothamsted dé Samaru

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òjò ọdún yìí kì í rí bíi ti èṣín. Ohun tó ṣòro ni láti mọ iye tí òjò fi kún irè àti iye tó mú kúrò nínú rẹ̀, nítorí ilẹ̀, ajílẹ̀, èpò àti irúgbìn fúnra rẹ̀ ń ṣe tiwọn lọ́wọ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya iṣẹ́ òjò sọ́tọ̀ láàárín gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ méjì tó jọ rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo: ti òjò àti ti ìkórè. Oko kan tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn kedere ni Rothamsted, ní ìlú Harpenden, ní àríwá London.

John Bennet Lawes ló jogún ilẹ̀ náà. Ní 1842, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ajílẹ̀ tí wọ́n ń fi egungun àti ásíìdì ṣe, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń ṣe é tà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ló gba Joseph Henry Gilbert, onímọ̀ kẹ́mísírì, síṣẹ́. Ọdún 57 làwọn méjèèjì fi jọ ṣiṣẹ́, títí ikú fi mú Lawes lọ ní 1900. Ní ìgbà ìwọ́wé 1843 ni wọ́n gbin àlìkámà sí oko kan tí wọ́n ń pè ní Broadbalk. Láti ìgbà náà di òní, kò tíì sí ọdún tí àlìkámà kò sí lórí gbogbo oko náà tàbí apá kan rẹ̀.

Wọ́n pín oko náà sí abala gígùn-gígùn. Abala kan kò rí ajílẹ̀ kankan rí. Òmíràn ń gba ìgbẹ́ ẹran lọ́dọọdún, àwọn tó kù sì ń gba oríṣiríṣi ajílẹ̀ oníkẹ́míkà: náítírójìn nìkan, tàbí náítírójìn pẹ̀lú fọ́síféètì àti àwọn mìíràn. Nígbà ìkórè, wọ́n á wọn ọkà àti pòròpórò abala kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní 1853 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò. Ohun tí wọ́n fi ń gbe òjò náà yẹ ká dúró wò dáadáa. Òṣùwọ̀n òjò tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ̀ ju íǹsì márùn-ún lọ lẹ́nu. Ti Rothamsted tóbi tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 éékà, ìyẹn bíi mítà méjì níbùú àti mítà méjì lóròó. Bí òjò íǹsì kan bá rọ̀, omi tí òṣùwọ̀n kékeré máa gbà kò ní kún agolo mílíìkì ńlá kan. Èyí tí ti Lawes àti Gilbert máa gbà á lé ní lítà 100. Kì í ṣe iye òjò nìkan ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ náítírójìn tí òjò ń gbé wálẹ̀ láti ojú ọ̀run, wọ́n sì nílò omi tó pọ̀ tó láti yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá ìwádìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tọpa omi náà wọ inú ilẹ̀. Lábẹ́ Broadbalk, wọ́n ti ri páìpù amọ̀ mọ́lẹ̀ láti 1849 kí omi má bàa dúró sóko. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì yẹ omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù wọ̀nyí wò, wọ́n bá náítíréètì, ìyẹn ẹ̀yà náítírójìn tó ń yòrò sínú omi, nínú rẹ̀, ó sì pọ̀ jù níbi tí wọ́n da ajílẹ̀ onínáítírójìn sí jù. Ní 1870, wọ́n gbẹ́ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta láìtú ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, wọ́n mọ bíríkì yí wọn ká, wọ́n sì gbé ohun ìgbomi sísàlẹ̀ wọn: èkínní jìn ní 20 íǹsì, èkejì 40, ẹ̀kẹta 60. Wọn kò gbin nǹkan kan sí i, wọn kò sì da ajílẹ̀ sí i. Báyìí ni Rothamsted ṣe mọ iye òjò tó rọ̀, iye tó jò lọ sísàlẹ̀, àti ohun tó kó lọ. Lójú tèmi, òjò tó ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ yìí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tó tẹ̀lé e.

Òjò àti òtútù 1879 ba àlìkámà jẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1880, Lawes àti Gilbert tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ojú ọjọ́ àti irè àlìkámà, níbi tí wọ́n ti fi ọdún tí ìkórè dára, irú 1863, wé èyí tí ìkórè bàjẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n fífi ojú wé ọdún kan sí èkejì ní ibi tó lè dé mọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kò jẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà dúró. Ní 1889, Lawes ya owó sọ́tọ̀ tí wọ́n á máa fi bójú tó oko náà lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní 1919, ọ̀gá Rothamsted nígbà náà, John Russell, gba ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Ronald Fisher. Iṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni: kó wo ìwé àtijọ́ wọ̀nyí bóyá nǹkan ṣì wà nínú wọn. Fisher kọ́kọ́ rí i pé irè àwọn abala kan ti ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́nà tí òjò kò lè fà. Ó fura sí èpò. Lẹ́yìn tí òfin sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọmọdé máa lọ sílé ìwé, ọwọ́ tó ń fa èpò lóko dín kù. Ó ní láti yọ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ kúrò kó tó lè bi òjò ní ìbéèrè.

Lẹ́yìn náà ló pín ọdún sí ọ̀nà 61, ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà. Ewu kan wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá yẹ ọ̀nà 61 wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á ṣèèṣì bá irè mu láìjẹ́ pé ó ní ìdí. Fisher kò bá wọn lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò ó pé ohun tí òjò òní ń ṣe fún irúgbìn kò lè yàtọ̀ pátápátá sí ti òjò ọ̀la. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà bí ọdún ti ń lọ. Ó wá fa ìlà ìṣirò kan tó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ó sì ṣe é fún abala 13 ní Broadbalk. Iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1924. Ó fi hàn pé lóko náà, òjò tó ju ti ìgbà gbogbo lọ sábà máa ń dín irè kù, pé ìgbà tó rọ̀ ṣe pàtàkì, àti pé ìpalára rẹ̀ yàtọ̀ láti abala sí abala gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀ tó wà níbẹ̀. Náítíréètì tí òjò ń fọ̀ lọ ni Fisher tọ́ka sí.

Irú ọgbọ́n kan náà so èso nílẹ̀ wa, lórí ọkà bàbà. Ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, oníwádìí kan tó ń jẹ́ Curtis fi ọjọ́ tí ọkà bàbà oríṣiríṣi ìlú lókè Ọya ń yọ orí wé àkọsílẹ̀ ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1968. Ó rí i pé ọkà ìlú kọ̀ọ̀kan ń yọ orí ní ìgbà tí òjò ìlú náà sábà máa ń tán. Bí gígùn ojúmọmọ bá ti ń dín kù ni irúgbìn náà fi ń mọ̀ pé àsìkò tó. Bí wọ́n tètè gbìn ín tàbí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbìn ín, ọjọ́ tó máa yọ orí kì í fi bẹ́ẹ̀ sún.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣa irúgbìn pamọ́ láti ìran dé ìran ló ṣe iṣẹ́ yìí kí ìwé òjò tó dé, ìwé náà ló sì jẹ́ kí oníwádìí rí i. Bí ọkà bá yọ orí nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ọkà inú rẹ̀ á bu, kòkòrò á sì jẹ ẹ́. Bó bá pẹ́ jù, omi inú ilẹ̀ á tán kí ọmọ rẹ̀ tó gbó. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mú ọkà bàbà tuntun wá sí ìlú kan ní láti kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí òjò ń tán níbẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, kó tó wo bí orí ọkà náà ṣe tóbi tó.