Ọkọ̀ mánúà tàbí ọ́tò: Èwo ló yẹ ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà?

Tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìpàdé ẹgbẹ́: ọkọ̀ wo ni ká rà, mánúà ni àbí ọ́tò? Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń di ariwo. Àwọn àgbà á ní ẹni tí kò lè wa mánúà kì í ṣe dírẹ́bà. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ta ló tún ń fi ọwọ́ ti gíà láyé ìsinsìnyí. Ní tiwa, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú gbogbo àríyànjiyàn yẹn: tí ọkọ̀ yìí bá dákú ní ìlú tí mò ń gbé, tàbí lójú ọ̀nà ilé, ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọkọ̀ mánúà ní ohun mẹ́ta tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀: kílọ́ṣì, bíréèkì àti iná. Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló ń tẹ kílọ́ṣì, òun ló sì ń ti gíà láti ìkíní dé ìkarùn-ún. Àwo kílọ́ṣì kan ló máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sì ń gbé agbára rẹ̀ wọ inú gíábọ́ọ̀sì. Ó rọrùn láti tú, ó rọrùn láti tò padà. Ti ọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Bíréèkì àti iná nìkan ló wà nílẹ̀, kò sí kílọ́ṣì. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí gíà, pọ́ǹpù kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló sì ń ti ọ́ìlì náà kiri. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi lè ti ọkọ̀ ọ́tò kó jí tí bátìrì bá kú. Ẹ́ńjìnnì kò yí, pọ́ǹpù kò ṣiṣẹ́, ọ́ìlì kò rìn. Ẹ tì í láti Mókwá dé Jẹ́bà, kò ní dá yín lóhùn.

Ìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ yìí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Mánúà ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tò. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì dé, tí púpọ̀ nínú wọn gba Kùtọnu wọlé: Golf, Vento, Passat, Opel Vectra. Mánúà náà ni ọ̀pọ̀ wọn. Orí àwọn ọkọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú àwọn mẹkáníìkì òkè Ọya ti kọ́ṣẹ́. Títí di òní, Golf ṣì ń ná ọ̀nà láàárín ìlú sí ìlú lọ́hùn-ún, bakaníkè tó wà lábẹ́ igi ní ìlú kékeré sì lè tú kílọ́ṣì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà wá gba ìgboro, Corolla, Camry, Honda, ọ́tò ló kó dé. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Àbújá tí Apo kò jìnnà sí, tàbí Pọ́tá, á rí ẹni tó mọ gíà ọ́tò dáadáa. Ẹni tó wà ní Gusau tàbí Kontagora, ó lè ní láti wá a jìnnà kó tó rí i.

Tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ìrìn ojoojúmọ́ nínú ìlú ńlá, a kò ní tan yín, ọ́tò ló dára. Ẹ bi àwọn tó ń ti Mararaba àti Nyanya wọ Àbújá láàárọ̀ léèrè. Gósìlóò ibẹ̀ lè mú kí ẹ tẹ kílọ́ṣì títí ẹsẹ̀ òsì á fi máa gbọ̀n. Kílọ́ṣì fúnra rẹ̀ náà ń jẹ nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e láìdáwọ́ dúró, tàbí tí wọ́n ń fi háàfù kílọ́ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè dípò hándíbíréèkì. Ẹni tí orúnkún òsì ń dùn, ẹ má jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kó lọ ra ọ́tò.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé nìyí, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ti Kánò bọ̀ wálé fún Iléyá, òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ọkọ̀ ọ́tò rẹ̀ kú kó tó dé Jẹ́bà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Àwọn ọlọ́kọ̀ kan ṣàánú wọn, wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, títí wọ́n fi dé Ìlọrin. Pọ́ǹpù epo ló bà jẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì jí wàì. Àmọ́ nígbà tó fa gíà sí D, ọkọ̀ kò mira. Táyà tó ń yí fún gbogbo ọ̀nà yẹn ń yí inú gíà láìsí ọ́ìlì tó ń rìn nínú rẹ̀, irin ti lọ irin. Ìrun Iléyá bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Gíábọ́ọ̀sì mìíràn ló rà níkẹyìn, owó àgbò àti owó ilé ìwé ọmọ ló sì bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ sì fi há inú ọkọ̀: wọn kì í fi okùn fa ọ́tò lọ ọ̀nà jíjìn. Tó bá jẹ́ táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ náà, bíi Corolla àti Camry, iwájú ni kí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀. Tó bá jẹ́ jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Mánúà kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sí fíríì, kí wọ́n máa fà á. Kódà bí okùn kílọ́ṣì bá já lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ mánúà ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ á ṣì gbé yín dé ìlú tó kàn: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, á jí, á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Kí iwájú yín mọ́ o, kí ẹ tó dán an wò.

Ọ̀rọ̀ òkè tún wà. Ẹ̀yin ará Jọ́ọ̀sì mọ Hawan Kibo, níbi tí ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Akwanga. Àwọn tó ń gba Òkéné àti Kàbà wá sí Èkìtì náà mọ òkè. Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì á gbóná, á sì dẹ́kun gbígbọ́. Onímánúà á já a sí gíà kẹta tàbí ìkejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọlọ́tò rò pé àwọn kò ní irú àǹfààní yẹn, wọ́n ní i o. Kí ni ẹ rò pé 3, 2 àti L tó wà lẹ́yìn D ń ṣe níbẹ̀? Àbí bọ́tìnnì O/D? Ẹ dín eré kù, ẹ fà á sí 3 tàbí 2 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ẹ sì máa fi bíréèkì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwa kan nínú wa wa ọ́tò fún ọdún mẹ́fà ká tó mọ̀ pé lẹ́tà wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe rárá ni kí a fi sí fíríì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́.

Epo náà ń ká wa lára lóòótọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà kan ní Àbújá sì fò kọjá 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, olúkúlùkù ló ń wá ọkọ̀ tí kì í mu epo. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ́tò wọn ní gíà mẹ́rin péré, mánúà máa ń fi díẹ̀ sàn jù. Nínú àwọn tuntun, ìyàtọ̀ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ́tò mìíràn tilẹ̀ ń jẹ epo kéré ju mánúà lọ. Ẹsẹ̀ dírẹ́bà, afẹ́fẹ́ táyà àti píláàgì tó ti gbó ń jẹ epo ju irú gíà lọ. A kò ní tìtorí epo nìkan yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà wá nípa ọ́tò ni ọ́ìlì àti ooru. Nínú oṣù Kẹta àti ìkẹrin, ooru Sókótó àti Màídúgùrì a máa kọjá ìwọ̀n 40. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ kan náà tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni ọ́ìlì gíà ti ń lọ tutù. Bí rédíétọ̀ bá jẹrà nínú, omi á bá ọ́ìlì pàdé, á sì funfun pọ̀ mọ́ pupa bíi yọ́gọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kó má wa ọkọ̀ náà mọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì ọ́tò kò jọra. Corolla ọdún 2003 sí 2008 ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní T-IV, Camry láti 2007 ń lo WS. Bí mẹkáníìkì bá ní "gbogbo ọ́ìlì pupa ọ̀kan náà ni," ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ. Ọ́tò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní CVT, tí ọ̀pọ̀ Corolla Amẹ́ríkà láti 2014 ń lò. Kò ní gíà kìíní àti ìkejì bíi tàwọn yòókù, bẹ́líìtì irin ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní ọ́ìlì tirẹ̀. Ó dùn ún wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ibi tó jìnnà sí ìlú ńlá, a kò gbà á nímọ̀ràn fún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé, nítorí àìsàn gíà kan wà tó jẹ́ pé tútù ló ti ń hàn. Fún ọ́tò, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fà á láti P sí R, kí ẹ sì fà á sí D. Ó yẹ kó gbà lójú ẹsẹ̀, láìjánu, láìfi tìpá ta yín síwájú. Ẹ fi rifáàsì gun ibi tó ga díẹ̀. Lójú pópó, bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo sókè tí ọkọ̀ kò sì yára sí i, gíà ti ń yọ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ wo ọ́ìlì bó bá ní irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n: pupa ló dára, dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná kò dára. Èyí tó pupa yòò náà lè jẹ́ pé àná ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láti fi bo nǹkan mọ́lẹ̀, torí náà ìwakọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ojú lọ. Fún mánúà, ẹ fa hándíbíréèkì sókè dáadáa, ẹ fi sí gíà kẹta, ẹ rọra tú kílọ́ṣì sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Bó bá ń yí lọ bí ẹni pé ẹ kò ṣe nǹkan kan, kílọ́ṣì ti tán, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ẹ tún ro àwọn tó wà nílé. Tí bàbá bá ṣàìsàn lóru, tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ mánúà wà, ìyẹn ti di wàhálà. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nítòsí kò gbọdọ̀ fi ilé sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ mánúà lẹ rà, ẹ kọ́ ìyàwó tàbí ọmọ tó ti tó ọkọ̀ wà. Kò ní já sófo fún àwọn ọmọ tó ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba náà, torí ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò ìwakọ̀ níbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti wa mánúà.

Bí a bá ní ká dá a, báyìí la máa ṣe. Ẹni tó wà ní Àbújá, Pọ́tá, Kánò tàbí Kàdúná, tó ń lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó ń relé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ọ́tò, irú èyí tó pọ̀ nígboro tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kò wọ́n ní Ladipo tàbí Gate Ìbàdàn. Ẹni tó wà ní ìlú kékeré, tàbí tó ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí ọ̀nà tí kò dára: mánúà, bí ẹ bá ṣì rí èyí tó mọ́. Ẹni tó wà láàárín méjèèjì, kó tó wo ọkọ̀ kankan, kó kọ́kọ́ lọ bá mẹkáníìkì mẹ́ta ní àdúgbò rẹ̀, kó sì bi wọ́n pé: gíà irú ọkọ̀ yìí mélòó lẹ ti tú rí, níbo sì ni ọkọ̀ náà wà báyìí? Bí ó bá ṣeé ṣe, kó lọ bá ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn, kó sì bi í bó ṣì ń rìn.