Futura: Lẹ́tà Tí Ó Bá Rọ́kẹ́ẹ̀tì Lọ Sí Òṣùpá

Àwo irin kan wà lórí òṣùpá láti oṣù Keje ọdún 1969. Ara ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí Armstrong àti Aldrin fi sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà tí ó wà lára rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé. Ìwọ̀nba ènìyàn ló bèèrè irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́. Futura ni, orúkọ tí ó jẹ mọ́ ọjọ́ iwájú ní èdè Látìn.

Paul Renner, ọmọ Jámánì, ló ya lẹ́tà náà; ilé-iṣẹ́ Bauer ní Frankfurt sì gbé e jáde ní 1927. Nígbà náà, Fraktur, lẹ́tà àtijọ́ tí ó nípọn tí ó sì kún fún igun ṣóńṣó, ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ìwé àti ìwé ìròyìn ní Jámánì. Renner kò fẹ́ ọ̀ṣọ́. Ìlà títọ́, òbìrìkìtì àti onígun mẹ́ta ló fi ṣe ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí kọ́ńpáàsì di ọ̀gá lé òun lórí: ojú a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí náà ó mú kí ìlà fẹ́lẹ́ díẹ̀ níbi tí ìyípo bá ti pàdé òpó lẹ́tà. Ẹni tí ó bá ti to àkọlé ìwé ìròyìn rí, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ti ṣe, mọ̀ pé irú àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí yìí ni ó ń jẹ́ kí ojú sinmi lórí ọ̀rọ̀.

Ní 1932, Renner kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti tako àwọn Násì tí wọ́n ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé. Hitler gba ìjọba ní 1933. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n mú Renner, tí wọ́n sì yọ ọ́ nípò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé ní Munich. Ní oṣù Kìíní 1941, ìjọba yìí kan náà yíjú padà, ó fòfin de Fraktur tí ó ti ń gbé gẹ̀gẹ̀, ó ní lẹ́tà àwọn Júù ni. Irọ́ gbáà!

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìjọba tí ó lé Renner kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó náwó sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 tí Wernher von Braun ṣe. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibùdó Mittelbau-Dora ni wọ́n fi ìyà tò ó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú síbẹ̀. Ní 1944, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já lu London. Lẹ́yìn ogun, Amẹ́ríkà kó von Braun lọ, òun ni ó sì darí iṣẹ́ lórí Saturn V.

Futura náà ti rí ààyè ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Òun ni wọ́n fi kọ ìpolówó ọkọ̀ Volkswagen tí ó gbajúmọ̀ láti 1959. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí Násì lé àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó sìn wọ́n ṣe jọ gbéra ní Florida lọ́jọ́ kan náà.

Von Braun fojú ara rẹ̀ rí i. Renner ti kú ní 1956. Orúkọ àwọn méjèèjì kò sí lára àwo irin náà. Ìbuwọ́lùwé Ààrẹ Nixon àti ti àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, lábẹ́ lẹ́tà Renner.