Ọjọ́ Tí Wọ́n Ta Adé Róòmù ní Gbàǹjo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìtàn ìlú Róòmù àtijọ́ jẹ́rìí sí òwe yìí. Láti òpin ọdún 192 títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 193 lẹ́yìn ìbí Kristi, Késárì mẹ́ta ni wọ́n pa ní Róòmù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀tá ilẹ̀ òkèèrè pa.

Augustus, Késárì àkọ́kọ́, ni ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba sílẹ̀ kí wọ́n lè máa dáàbò bò ó. Owó iṣẹ́ wọn ju ti àwọn ọmọ ogun yòókù lọ, ẹ̀bá ìlú gan-an ni àgọ́ wọn sì wà. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ọwọ́ tí ó ń ṣọ́ adé lè gbà á, ó sì lè gbé e fún ẹlòmíràn.

Commodus ni ó wà lórí oyè ní ọdún 192. Ìkà ènìyàn ni. Ní ọjọ́ tí ọdún náà parí, Marcia àlè rẹ̀, Eclectus tí ó ń tọ́jú ààfin, àti Laetus olórí ẹ̀ṣọ́ dìtẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fún un ní májèlé. Nígbà tí ó bì í, wọ́n rán oníjàkadì kan tí ń jẹ́ Narcissus sí i, ó sì fún un lọ́rùn pa.

Pertinax ni wọ́n fi jọba. Ọmọ ẹrú tí a ti dá sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe kí ó tó di jagunjagun. Ó ṣèlérí 12,000 owó sesterce fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Commodus ti ná àpò ìjọba gbẹ. Pertinax ta àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ààfin kí ó lè rí owó san. Ó tún fẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ jáwọ́ nínú ìwà ipá tí wọ́n ń hù sí ará ìlú. Èyí ni kò dùn mọ́ wọn nínú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 193, nǹkan bí 200 nínú wọn ya wọ ààfin pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Pertinax kò sá. Ó jáde sí wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ojú ti àwọn kan, wọ́n ti idà bọ àkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan fò síwájú, ó gún un. Ọjọ́ 87 péré ni ó lò lórí oyè.

Lẹ́yìn èyí ni ohun ìtìjú ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ padà sí àgọ́, wọ́n sì ta adé ní gbàǹjo. Sulpicianus, àna Pertinax, wà nínú àgọ́, ó ń ná an. Didius Julianus, ọlọ́rọ̀ kan nínú ìgbìmọ̀ ìlú, dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń ná an. Sulpicianus dé 20,000 sesterce fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Julianus fi 5,000 lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń kígbe, ó sì ń fi ìka ọwọ́ júwe iye rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Cassius Dio, òpìtàn tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀ yìí, ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìran tí ń bọ̀.

Ará ìlú kò gba ọba tí ó fi owó ra oyè. Gbangba ni wọ́n ti ń bú u. Septimius Severus, ọmọ bíbí Leptis Magna ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíà lónìí, kó ọmọ ogun rẹ̀ láti etí odò Danube, ó dojú kọ Róòmù, ó ní òun ń bọ̀ wá gbẹ̀san Pertinax. Ìgbádùn ti ba àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ́. Wọn kò lè jà fún ẹni tí ó rà wọ́n. Ìgbìmọ̀ dá Julianus lẹ́bi ikú, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà. Ọjọ́ 66 ni ó fi jẹ ìgbádùn ọjà tí ó rà.

Severus pe àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ láìmú ohun ìjà lọ́wọ́, ó fi ọmọ ogun yí wọn ká, ó sì lé wọn kúrò ní Róòmù. Ó fi àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ó pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n kò pa àṣà náà run. Ní ọdún 217, Macrinus, olórí ẹ̀ṣọ́, dìtẹ̀ pa Caracalla ọmọ Severus, ó sì gorí oyè. Kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ìlú tí ó bá jẹ́ kí ẹni tí ó mú idà lọ́wọ́ máa díye lé oyè, kò ní pẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó di ọjà.