Àlàfo Tí Ó Wà Láàrin Àyẹ̀wò àti Abẹ

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè parapọ̀ bí kò bá sí àyè. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí a fura pé ó ní jẹjẹrẹ ọmú. Bí wọ́n bá ti fún un ní oògùn oorun, àwọn oníṣègùn a yẹ kókó náà wò; bí ó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, wọn a gé ọmú náà lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọkọ tí ó ń dúró níta a kọ́kọ́ gbọ́. Ìyàwó a jí bá ohun tí ó ti parí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Betty Ford, aya Ààrẹ, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974. Ní ọdún náà gan-an, Rose Kushner, akọ̀ròyìn, kọ̀ jálẹ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò ná. Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ ìlera ìjọba, tí òun náà jókòó nínú rẹ̀, fi ọwọ́ sí i pé kí a ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ abẹ.

Àlàfo náà kò gùn. Síbẹ̀, inú rẹ̀ ni tọkọtaya ti rí àyè láti sunkún, láti bèèrè ọ̀rọ̀, àti láti jọ pinnu.